Ẹni Tó Gbépo Lájà àti Ẹni Tó Gbà Á Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ, fún àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde
Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 2:12-17 àti 27-30

Ọlọ́run tí ó pa wá mọ́ láti èṣí di ọdún yìí, tí kò jẹ́ kí fìtílà ilé rẹ̀ kú mọ́ wa lójú, òun náà ni yóò máa bá wa lọ. Àmín.

Lọ́dọọdún, ohun tí akọ̀wé máa ń kọ sínú ìwé ìrántí yìí kò ju ìròyìn ọdún lọ: iye ọmọ tí a sọ lórúkọ, iye ẹni tí a rì bọmi, iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ìròyìn yẹn wà ní ojú-ìwé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Baba Alàgbà àti ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ní kí a fi ọ̀rọ̀ ìyànjú kan kún un, lórí ohun tí gbogbo wa máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn: owó ìjọba, bí àwọn tó wà nípò ṣe ń ná an sórí ọ́fíìsì àti ilé tí wọ́n ń gbé, àti bí aya, ọkọ, ọmọ àti àbúrò ṣe ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwa kì í ṣe wòlíì, a kì í sì í ṣe oníwàásù. Ìwé owó la mọ̀ ọ́n kà. Ẹ gbà wá láyè kí a sọ ọ́ bí akọ̀wé.

ÀMÚGA ONÍKA MẸ́TA

Nígbà tí Élì jẹ́ àlùfáà ní Ṣílò, òfin Mósè ti fún àlùfáà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹran ọrẹ. Ẹ ó rí i nínú Léfítíkù orí keje: igẹ̀ ẹran àti itan ọ̀tún. Ìyẹn ni owó-oṣù àlùfáà. Ọlọ́run kò fi ebi pa ìránṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Élì, Hófínì àti Fíníhásì, kò fẹ́ ìpín. Bí ẹran bá ń hó lórí iná, ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn á dé tòun ti àmúga oníka mẹ́ta, á tì í bọ inú ìkòkò, ohunkóhun tó bá fà yọ ti di tiwọn. Nígbà tó yá, wọn kò tilẹ̀ dúró kó jinná mọ́. Wọ́n ní tútù ni kí wọ́n fún àwọn, kí a tó sun ọ̀rá ti Ọlọ́run. Bí onírúbọ bá ní kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ sun ọ̀rá ná, ọmọ-ọ̀dọ̀ á ní bí o kò bá fún mi nísinsìnyí, màá fipá gbà á.

Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Òótọ́ ni. Pọ́ọ̀lù náà kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí pẹpẹ ní òṣùwọ̀n. Igẹ̀ ni, itan ọ̀tún ni. Ẹni tó bá jẹ ìyẹn, oúnjẹ rẹ̀ ló jẹ. Ẹni tó bá ti àmúga bọ ìkòkò, ọrẹ Olúwa ló jí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Élì fúnra rẹ̀. Élì kò fọwọ́ kan àmúga. Kódà ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí, ó ní ìròyìn tí òun ń gbọ́ nípa wọn kò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn Ọlọ́run dé, Élì ló dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ẹ ka ẹsẹ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó ní Élì bọlá fún àwọn ọmọ rẹ̀ ju Ọlọ́run lọ, àti pé gbogbo wọn pọ̀ ni wọ́n fi èyí tó dára jù nínú ọrẹ mú ara wọn sanra. Gbogbo wọn pọ̀! Ẹran náà ń dé ilé, baba sì ń jẹ níbẹ̀. Nígbà tí Élì ṣubú sẹ́yìn lórí àga ní orí kẹrin, Bíbélì sọ fún wa pé ó ti darúgbó, ó sì wúwo.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa lónìí kò jù báyẹn lọ.

ILÉ TÍ A TÚN ṢE NÍ ABÚJÁ

Ẹ ó rántí ọdún 2007. Nínú oṣù Kẹfà ọdún náà ni Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, di Abẹnugan Ilé Aṣojú-Ṣòfin. Obìnrin àkọ́kọ́ ni nípò yẹn, inú gbogbo wa ní ilẹ̀ Yorùbá sì dùn. Kò pẹ́ rárá tí ariwo fi ta. Wọ́n ní mílíọ̀nù náírà 628 ni a fẹ́ fi tún ilé ìjọba tí Abẹnugan àti igbákejì rẹ̀ ń gbé ṣe, pẹ̀lú ọkọ̀ 12. Ilé gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ náà lé àwọn agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́. Ìjà dé nínú ilé ìgbìmọ̀. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, Dókítà Aminu Safana, ṣubú nínú rúkèrúdò náà, ó sì kú. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹwàá, obìnrin náà fi ipò sílẹ̀. Kò lo oṣù márùn-ún níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ tòótọ́, nítorí òfin Olúwa ní kí a má jẹ́rìí èké sí ẹnikẹ́ni. Etteh sọ pé òun kò jalè, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, Dimeji Bankole ti Abẹ́òkúta, ló jókòó sórí àga náà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 2011, EFCC gbé òun náà lọ sílé-ẹjọ́ lórí ríra nǹkan fún Ilé àti owó tí wọ́n yá. Lọ́dún 2012, ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Nítorí náà, a kò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn lólè nínú ìwé yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni bí ariwo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìjọba gbọ́dọ̀ ní àtúnṣe. Bí òjò bá ń wọ ilé Baba Alàgbà, àwa ni a ó ra páànù. Ọ̀rọ̀ kò sí nínú pé a tún ilé ṣe. Ta ló díye lé e? Ṣé a béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Àwọn wo ló gba iṣẹ́ náà, báwo ni wọ́n sì ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ wà? Ìbéèrè akọ̀wé lásán ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n àìdáhùn wọn lásìkò ló da ilé rú. Wòlíì Jeremáyà bi Jèhóákímù ọba ní irú ìbéèrè yìí ní orí kejìlélógún ìwé rẹ̀. Ọba náà ń kọ́ ààfin gbàgede, ó ń la fèrèsé ńláńlá, ó ń fi igi kédárì bo ògiri, ó ń fi ọ̀dà pupa kùn ún, kò sì san owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Jeremáyà bi í pé ṣé kédárì ló sọ ọ́ di ọba ni? Baba rẹ̀, Jòsáyà, jẹ, ó mu, ṣùgbọ́n ó gba ẹjọ́ òtòṣì rò, ó sì dára fún un.

OWÓ ÀWỌN OPÓ ÌPÍNLẸ̀ ÒGÙN

Ẹnì kan lè ní Abújá jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kò jìnnà. Ní ìparí ọdún 2023, mínísítà tó ń bójú tó ètò àánú, Dókítà Betta Edu, kọ̀wé pé kí Akápò Àgbà ìjọba àpapọ̀ san mílíọ̀nù náírà tó lé ní 585 sínú àpò báńkì ẹnì kan ṣoṣo. Owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìní ni, ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin: Akwa Ibom, Cross River, Èkó, àti Ògùn tiwa yìí. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu ní kí mínísítà náà lọ rọ́kún nílé. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Òun náà ní òun kò ṣe ohun tó burú, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ní òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ètò náà ló ni àpò báńkì yẹn. Ṣùgbọ́n ìlànà owó ìjọba ti wà nílẹ̀ tipẹ́ pé a kì í san owó ìlú sínú àpò ẹnì kan.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá wa. Opó tó ń ta gàrí ní Òkè-Ajé wà lára àwọn tí wọ́n ń torí wọn gbé irú owó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ilé-ìwé ń lé ọmọ rẹ̀ padà nítorí owó, wà lára wọn. Bí owó wọn bá gba ọ̀nà tí kò tọ́, ì báà má sọ nù pàápàá, ojú ni yóò máa ti ẹni tó gbé e.

Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì mọ èyí. Nígbà tí wọ́n dá owó jọ fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù, kò dá gbé e. Ẹ ka 2 Kọ́ríńtì orí kẹjọ. Àwọn ará tí ìjọ yàn ló bá a rìn, ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan wí sí àwọn lórí ọrẹ ńlá náà, àti kí ohun tí wọ́n ń ṣe lè dára lójú Olúwa àti lójú ènìyàn pẹ̀lú. Bí Pọ́ọ̀lù kò bá dá gbé owó, ta ni àwa?

ỌMỌ ẸNI KÒ ṢÈDÍ BẸ̀BẸ̀RẸ̀

A dé ibi tó ń dun gbogbo wa. Yorùbá ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i: ìlẹ̀kẹ̀ tìrẹ ni òwe ń wí. Kò sọ pé kí o já ìlẹ̀kẹ̀ ìlú láti fi sídìí ọmọ rẹ.

Ní orílẹ̀-èdè South Africa, Ààrẹ Jacob Zuma ní ilé kan ní abúlé rẹ̀, Nkandla. Ìjọba ní àwọn fẹ́ ṣe ètò ààbò síbẹ̀. Nígbà tí obìnrin tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, Thuli Madonsela, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú oṣù Kẹta ọdún 2014, iye tí ó kà kalẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 246 owó randi. Adágún ìwẹ̀ wà níbẹ̀, ọgbà màlúù wà níbẹ̀, ilé adìẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ní omi adágún yẹn wà fún pípa iná! Àbọ̀ náà ní Ààrẹ àti ẹbí rẹ̀ jẹ àǹfààní tí kò tọ́ sí wọn. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní kí ó san padà nínú rẹ̀, ó sì san mílíọ̀nù méje àti ẹ̀sún randi kí ọdún náà tó parí. Kò sẹ́ni tó sọ pé àwọn ọmọ rẹ̀ kọ ìwé owó kankan. Wọ́n kàn ń gbé inú ilé ni. Òróró ti dé ilẹ̀, wọ́n sì ń fi sebẹ̀.

Òfin ilẹ̀ tiwa náà ti rí èyí ṣáájú. Ìwé òfin ọdún 1979 ló kọ́kọ́ gbé ìlànà ìwà fún òṣìṣẹ́ ìjọba kalẹ̀, ti ọdún 1999 sì tún un sọ nínú Àfikún Karùn-ún. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sí ibi tí àǹfààní tirẹ̀ yóò ti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ jà. Ó ní kí ó kéde dúkìá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì gbéyàwó, tí wọn kò tíì pé ọdún 18, nígbà tó bá gba ipò, lópin ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àti nígbà tó bá ń lọ. Ó tún ní bí ó bá gba ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe ohun tí òfin kọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Orúkọ àbúrò tàbí orúkọ ìyàwó lórí ìwé ilé-iṣẹ́ kò lè bo ẹni tó fọwọ́ sí sọ̀wédowó.

ÀWA TÍ A DÚRÓ NÍSÀLẸ̀ ÀJÀ

Ó rọrùn láti na ìka sí Abújá. Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, àwa ọmọ Alárè.

Bí ọmọ àdúgbò wa bá di kọmíṣọ́nnà, ta ló ń háyà bọ́ọ̀sì lọ kí i ní Òkè-Mosàn? Àwa ni. Ta ló ń kó ìwé ìbéèrè iṣẹ́ ọmọ mẹ́jọ sínú àpò lọ síbẹ̀? Àwa ni. Bí ó bá wá sí ìkórè tó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sílẹ̀, ta ló ń kùn pé ahun ni, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọ kejì gbé jẹ́nẹ́rétọ̀ kalẹ̀? Bí ó bá lo ọdún mẹ́rin nípò tí kò kọ́ ilé sí Ìjẹ̀bú-Òde, ta ló ń sọ pé orí rẹ̀ kò pé? A ó ní ojú rẹ̀ kò là, a ó ní ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́n. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, a ó wo aṣọ rẹ̀ àti aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Owó-oṣù rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Kò sẹ́ni nínú wa tó ń ṣírò rẹ̀.

Àwa ìjọ Aládùúrà pàápàá, ẹjọ́ wa wà níbẹ̀. Wọ́n á mú orúkọ wá, wọ́n á ní kí a bá àwọn gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje kí iṣẹ́ àgbàṣe kan lè bọ́ sí àwọn lọ́wọ́. A ó tan àbẹ́là, a ó lu agogo, a ó ka Sáàmù. Iṣẹ́ náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, a sì ṣe ìdúpẹ́. Ṣé a béèrè rí pé ìbátan ta ni ẹ? Ta ló fọwọ́ sí i? Ṣé iṣẹ́ náà di ṣíṣe? A gbé àga síwájú fún wọn. Élì náà jókòó lórí àga.

Ìjẹ̀bú-Òde yìí mọ bí ó ṣe ń dunni tó. Olóyè Olabisi Onabanjo, Aiyékòótọ́, ọmọ ìlú wa, ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn láti ọdún 1979 di 1983. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dá yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè sílẹ̀ lọ́dún 1982, èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Nígbà tí àwọn ológun dé, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ wọn rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 22 lọ́dún 1984. Ẹ̀sùn náà dá lórí owó tí wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe kan san sí àpò ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìgbẹ́jọ́ náà kò tọ́. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn má yọjú síbẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì dágbére fáyé lọ́dún 1990. A kò hú egungun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ wa tó wà nínú òṣèlú rántí: owó tí wọ́n ní ẹgbẹ́ gbà ni, ẹnì kan ló sì wọ ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kì í ṣe gbogbo àwa tí a jọ gba epo la ó jọ dúró níwájú adájọ́.

ẸJỌ́ TI AKỌ̀WÉ YÍN

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ara wa.

Ní àjọ̀dún kan sẹ́yìn, àwa tí a ń kọ̀wé yìí la gbé títẹ ìwé ètò ìsìn fún àbúrò ìyàwó wa. Ìwé títẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀. A kò béèrè iye lọ́wọ́ ẹlòmíràn. A sọ fún ara wa pé ọmọ ilé ni, kò ní rẹ́ wa jẹ. Iye tó sọ la kọ sílẹ̀, akápò sì san án. Nígbà tí a ka ìṣirò ní ìpàdé, ìyá kan láti ẹgbẹ́ obìnrin dìde. Gàrí ni ìyá náà ń tà. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ dákun, èló ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ níbòmíì?"

Inú bí wa. Kí a má purọ́. A dìde, a ní, "Ṣé olè lẹ pè wá ni, Màmá?" Ìyá náà dá wa lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Mi ò pè yín lólè, sà. Mo ní èló ni."

A kò rí èsì fọ̀. Baba Alàgbà ní kí akápò lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé méjì mìíràn. Iye àwọn méjèèjì kéré sí tiwa. A kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àna wa, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí wa, ṣùgbọ́n owó ìjọ ti jáde ju bó ṣe yẹ lọ, inú àpò ilé wa ló sì wọ̀. Oṣù mẹ́rin la fi san àlékún náà padà nínú owó tiwa. Àna wa kò kí wa fún ìgbà pípẹ́. Ìyá ìyàwó wa ránṣẹ́ pè wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ní ṣé nítorí owó bébà la ṣe fẹ́ da ẹbí rú. Kò rọrùn, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó rọrùn láti sọ fún ará ilé pé rárá kò tíì sọ ọ́ rí.

Nígbà yẹn la tó mọ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò olè. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ ilé ẹni, àti pé ẹnikẹ́ni kò béèrè. Bí a bá fún àwa yìí ní mílíọ̀nù 628 láti fi tún ilé ṣe nígbà yẹn, ta ni à bá gbé e fún? Ìyá oní-gàrí yẹn ló gbà wá là. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Màmá wa sọ fún wa.

Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, iye láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé mẹ́ta ló wà nínú fáìlì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kí ó yà sí ọ́fíìsì.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ má jẹ́ kí a ka èyí tán kí a kàn ṣe àmín. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí nǹkan mẹ́ta fún ìjọ wa. Èkíní, ohunkóhun tí a bá fẹ́ rà tàbí kọ́, a ó béèrè iye rẹ̀ ní ibi mẹ́ta, ẹni tí ìbátan rẹ̀ bá wà níbẹ̀ yóò sọ ọ́, yóò sì jáde síta nígbà tí a bá ń yàn. Èkejì, ìṣirò owó yóò máa wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ní èdè Yorùbá, kí ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè bi wá léèrè. Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni tó bá mú ọrẹ ńlá wá láti ipò ìjọba, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó fún un ní rìsíìtì, ṣùgbọ́n a kò ní gbé àga rẹ̀ síwájú ti ẹni tó mú ẹyọ owó kékeré wá.

Ẹ̀yin ẹbí àwọn tó wà nípò, ẹ bá wọn dín ẹrù kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lè wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ nílé láìsí pé ìwé ìbéèrè ń dúró dè wọ́n lórí tábìlì. Ẹ̀yin aya àti ọkọ wọn, ẹ bi wọ́n pé, "Níbo lèyí ti wá?" kí EFCC tó bi yín.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀, ní Abẹ́òkúta àti ní Abújá, ẹ wo Nehemáyà. Ọdún méjìlá ló fi ṣe gómìnà ní Júdà, kò sì jẹ oúnjẹ gómìnà, nítorí ẹrù wúwo lórí àwọn ènìyàn. Ó wà ní orí karùn-ún ìwé rẹ̀. Ẹ wo Sámúẹ́lì pẹ̀lú. Nígbà tó darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó bi wọ́n pé akọ màlúù ta ni òun gbà, ta ni òun rẹ́ jẹ. Wọ́n ní kò sí. Síbẹ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀ tó fi ṣe onídàájọ́ ní Bíáṣébà gba rìbá, ìyẹn ló sì mú kí àwọn àgbà ìlú wá sọ fún un pé àwọn ń fẹ́ ọba. Ọwọ́ tirẹ̀ mọ́, ilé rẹ̀ sì bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti wá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, lásìkò àjàkálẹ̀-àrùn ọdún 1918, nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, àwọn ènìyàn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. J. B. Sadare ló ṣáájú wọn, Sophia Odunlami, ọ̀dọ́mọbìnrin, sì wà nínú wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwòsàn nípa àdúrà àti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ dá ìyapa sílẹ̀ lọ́dún 1922, Sadare pàdánù ipò rẹ̀ nínú sínọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, àwọn ọmọ wọn kúrò ní ilé-ìwé ìjọ. Wọ́n jẹ́ kí ipò lọ nítorí àdúrà. Kò ní dára kí àwa ọmọ ọmọ wọn máa ta àdúrà nítorí ipò.

Olúwa, ìwọ tí o rí àmúga nínú ìkòkò àti ẹran nínú àwo Élì, wò wá. Má jẹ́ kí ilé wa jẹ ohun tí yóò pa àwọn ọmọ wa. Fún àwọn tó wà nípò ní ọwọ́ tó mọ́, fún àwa tí a wà nísàlẹ̀ ní ẹnu láti béèrè, sì fún wa ní ìgboyà láti kọ̀ nígbà tí epo náà bá ń bọ̀ wá sílẹ̀. Bùkún ìyá tó ń béèrè, má sì jẹ́ kí inú bí ẹni tí a bi. Jẹ́ kí a pé jọ bẹ́ẹ̀ ní àmọ́dún, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má dín. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín, àmín, àṣẹ.



Akọ̀wé Ìjọ,
Ìjẹ̀bú-Òde